Jọ́nà, àyẹ̀wò, àti orúkọ tó wà lókè ìwé: ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ní Ìkòròdú

Láti ọdún 2022 tí poli Ìkòròdú ti di Yunifásítì Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn tó ń bi mí ní ọ̀rọ̀ jọ́nà ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ń bèèrè nínú BRT láti Mile 12, wọ́n ń bèèrè ní Odògúnyàn, wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp láago mọ́kànlá òru. Èmi náà jẹ́ igbákejì olóòtú jọ́nà kan, mo sì ń ṣàyẹ̀wò fún méjì míì. Mo kọ ìdáhùn mi sílẹ̀ síbí kí ẹnu má baà bó mi.

Kí ni jọ́nà gan-an?

Ìwé tó ń jáde lásìkò-lásìkò ni, tí àwọn aṣèwádìí fi ń jábọ̀ ohun tí wọ́n rí fún ẹgbẹ́ wọn. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí ìwé ìròyìn ni pé kí àpilẹ̀kọ kan tó jáde nínú rẹ̀, àwọn míì tó mọ iṣẹ́ náà dunjú gbọ́dọ̀ ti tú u palẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn tó pẹ́ jù tó ṣì ń jáde ni Philosophical Transactions ti Lọ́ńdọ̀nù, tí Henry Oldenburg dá sílẹ̀ lọ́dún 1665.

Ta ni aṣàyẹ̀wò? Ṣé wọ́n ń sanwó fún un?

Ẹni tí olóòtú bẹ̀ pé kó bá òun yẹ iṣẹ́ yín wò ni. Méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, ó sì yẹ kí wọ́n jẹ́ ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe. Wọ́n á sọ ohun tó dára, ohun tó mẹ́hẹ, àti bóyá kí wọ́n gbà á, kí ẹ tún un ṣe, tàbí kí wọ́n dá a padà. Olóòtú ló ni ìpinnu. Aṣàyẹ̀wò ń gbà á nímọ̀ràn ni.

Lọ́pọ̀ jọ́nà, wọn kì í san kọ́bọ̀ fún un. Bí àáró àwọn àgbẹ̀ ni: lónìí a ro oko tèmi, lọ́la a ro oko tìẹ. Ìdí nìyẹn tí inú fi máa ń bí mi sí ẹni tó ń fi àpilẹ̀kọ márùn-ún ránṣẹ́ lọ́dún, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ní kó yẹ ẹyọ kan péré wò, á ní ọwọ́ òun dí.

Àwọn àgbà kan á sọ fún yín pé láyé àwọn, olóòtú nìkan ló ń dá pinnu. Wọn ò purọ́. Nature pàápàá, jọ́nà sáyẹ́ǹsì ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1973 ló tó sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo àpilẹ̀kọ ìwádìí kọjá lọ́wọ́ aṣàyẹ̀wò.

Ṣé lóòótọ́ ni àwọn aṣàyẹ̀wò ò ní mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́?

Ọwọ́ jọ́nà ló wà. Níbì kan, aṣàyẹ̀wò mọ̀ yín, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Níbòmíì, kò sẹ́ni tó mọ ẹnì kejì. Àwọn kan tilẹ̀ ń gbé orúkọ aṣàyẹ̀wò àti ọ̀rọ̀ tó sọ jáde pẹ̀lú àpilẹ̀kọ náà.

Ká má tan ara wa: bí ẹ bá kọ̀wé nípa ẹja ọ̀sà ní Bàyékú, àwọn tó lè yẹ̀ ẹ́ wò ní Nàìjíríà kò pọ̀, wọ́n á sì ti fura sí ẹni tó kọ ọ́ kí wọ́n tó parí ojú ìwé kìíní. Síbẹ̀, ẹ yọ orúkọ yín kúrò bí wọ́n bá ní kí ẹ yọ ọ́. Ẹ yẹ inú ìsọfúnni fáìlì Word náà wò pẹ̀lú, ibẹ̀ ni orúkọ ẹni máa ń sá pamọ́ sí.

Ta ló ṣe àwọn òfin iṣẹ́ jọ́nà? Ṣé wọ́n lè mú èèyàn?

Ẹgbẹ́ méjì lẹ máa gbọ́ orúkọ wọn jù. COPE ni àkọ́kọ́, tí àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1997. Àwọn ló ń kọ ìlànà nípa ohun tí olóòtú yóò ṣe bí ẹ̀sùn bá dé. Èkejì ni ICMJE, ẹgbẹ́ olóòtú ìṣègùn tó kọ́kọ́ jókòó ní Vancouver lọ́dún 1978. Ìlànà wọn lórí ẹni tó yẹ kó fi orúkọ sí àpilẹ̀kọ ni gbogbo ayé ń lò.

Kò sí ọlọ́pàá láàárín wọn. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á fa àpilẹ̀kọ yín padà ní gbangba, ìyẹn ni pé wọ́n á kéde pé kò ṣeé gbára lé mọ́, wọ́n á kọ̀wé sí ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ìgbéga tí ẹ fi ìwé náà gbà á sì di ọ̀rọ̀. Orúkọ yín á wà nínú àkójọ tí ẹnikẹ́ni lè fi fóònù wò.

Ṣé mo lè fi àpilẹ̀kọ kan ránṣẹ́ sí jọ́nà méjì, kí n wo èyí tó máa kọ́kọ́ dáhùn?

Rárá. Ẹ wo ẹni tó ta ilẹ̀ kan fún èèyàn méjì. Lágbègbè wa níbí, kò sẹ́ni tí mo máa ṣàlàyé ìyẹn fún. Aṣàyẹ̀wò mẹ́rin á ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ohun tí méjì tó o, bí jọ́nà méjèèjì bá sì gbé e jáde, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fà á padà.

Bí ó bá ti pẹ́ jù, ẹ kọ̀wé sí olóòtú, ẹ bèèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ síbòmíì, ẹ sọ fún un lákọsílẹ̀ pé ẹ ti gbà á kúrò, kí ẹ sì dúró de ìdáhùn rẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀.

Wọ́n ní kí n san owó. Ṣé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni?

Kì í ṣe gbogbo owó ni àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ jọ́nà wa ní Nàìjíríà ń gba owó àyẹ̀wò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní vetting fee, wọ́n á sì tún gba owó ìtẹ̀jáde bí wọ́n bá gba iṣẹ́ náà. Àwọn jọ́nà ńlá òkè òkun tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ náà ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Nígbà tí Nature kéde tiwọn ní ìparí ọdún 2020, 9,500 yúrò ni. Ẹ ka iye náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tó ní kí Alákòóso ẹ̀ka yín fọwọ́ sí i.

Ohun mẹ́ta ni mo máa ń wò. Ṣé iye náà wà ní gbangba kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́? Ṣé iye kan náà ni gbogbo èèyàn ń san? Ṣé ẹ lè san án kí wọ́n ṣì dá iṣẹ́ yín padà? Bí ìdáhùn sí ìkẹta bá jẹ́ rárá, ẹ ti mọ ohun tí ẹ̀ ń rà.

Ẹ máa bèèrè ìdáríjì owó. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń dín in kù tàbí kí wọ́n mú un kúrò fún orílẹ̀-èdè tí owó ò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Àwọn jọ́nà tí kì í gbowó rárá tún wà, lọ́wọ́ òǹkọ̀wé àti lọ́wọ́ òǹkàwé. Ẹ wá wọn nínú DOAJ, àkójọ tó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Lund ní Sweden lọ́dún 2003. Fún ti ilẹ̀ Áfíríkà, ẹ wo African Journals Online.

Báwo ni mo ṣe máa dá jọ́nà gbájúẹ̀ mọ̀?

Ìyìn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Ímeèlì á dé: "Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà tó gbajúmọ̀ káàkiri ayé," nígbà tó jẹ́ pé ẹ ò tíì parí másítà. Wọ́n á ní àwọn ń gba ìṣègùn, ìmọ̀ òfin, iṣẹ́ ẹja àti ẹ̀kọ́ ìsìn nínú ìwé kan náà, pé láàárín ọjọ́ mẹ́ta ẹ ó gbọ́ èsì. Kò sẹ́ni tó lè wá aṣàyẹ̀wò méjì, kí wọ́n kà á, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ gidi, láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ní jọ́nà tiwa, kí aṣàyẹ̀wò tó fèsì pé òun gbà láti ṣe é pàápàá, ọ̀sẹ̀ kan ti lọ.

Lọ́dún 2013, John Bohannon, akọ̀ròyìn sáyẹ́ǹsì kan, kọ àpilẹ̀kọ irọ́ kan nípa oògùn jẹjẹrẹ, ó fi àṣìṣe tí ọmọ yunifásítì ọdún kejì á rí sínú rẹ̀, ó fi orúkọ tí kò sí láyé sí i, ó sì fi ránṣẹ́ sí jọ́nà 304. Jọ́nà 157 gbà á. Àwọn ará Poland ṣe tiwọn lọ́nà míì: wọ́n hùmọ̀ obìnrin kan tí wọ́n pè ní Anna O. Szust, wọ́n ní ó fẹ́ di olóòtú, wọ́n kọ̀wé sí jọ́nà 360. Jọ́nà 48 sọ pé kó máa bọ̀. Lédè àwọn ará Poland, "oszust" ni gbájúẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú orúkọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á.

Jeffrey Beall, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kan ní Amẹ́ríkà, ló sọ wọ́n ní orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè wọ́n lédè Gẹ̀ẹ́sì, "predatory journals", ó sì to orúkọ wọn jọ títí di oṣù kìíní 2017 tó gbé àkójọ náà kúrò. Nítorí náà, ẹ má gbára lé àkójọ ẹnì kan. Ẹ ka àpilẹ̀kọ mẹ́ta tó jáde nínú jọ́nà náà. Ẹ kọ̀wé sí ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìgbìmọ̀ olóòtú, kí ẹ bi í bóyá ó mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Mo ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀mejì; lẹ́ẹ̀kan, ẹni náà ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni.

Ẹ sì má rò pé jọ́nà wa nílé ni gbájúẹ̀, pé tòkè òkun ni ojúlówó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jẹ owó àwọn olùkọ́ wa ló ní "International" tàbí "American" lórí èèpo ìwé wọn, torí wọ́n mọ̀ pé ìgbìmọ̀ ìgbéga fẹ́ràn rẹ̀.

Wọ́n ní ISSN, wọ́n sì ní "impact factor" 7. Ṣé ìyẹn ò tó?

ISSN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé àtìgbàdégbà, dà bíi nọ́ńbà ara dáńfó. Ó jẹ́rìí pé wọ́n forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Kò jẹ́rìí pé bíréékì rẹ̀ ń mú. Ní Nàìjíríà, National Library ló ń fún wọn, ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe ìwé àtìgbàdégbà ló sì lè gbà á.

Ní ti impact factor, nọ́ńbà tó ń sọ bí àwọn èèyàn ṣe ń tọ́ka sí àpilẹ̀kọ inú jọ́nà kan tó, ilé iṣẹ́ Clarivate ló ń ṣe ojúlówó rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ẹ bá rí "Global" tàbí "Universal" níwájú rẹ̀, ẹ rọra.

Mo ti gbé iṣẹ́ mi jáde nínú irú jọ́nà bẹ́ẹ̀ kí n tó mọ̀. Kí ni ṣíṣe?

Ìdáhùn mi kò ní dùn mọ́ yín. Ẹ lè kọ̀wé pé kí wọ́n yọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í dáhùn, àwọn míì á tún ní kí ẹ san owó kí wọ́n tó yọ ọ́. Ẹ má san án.

Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ yí àkọlé rẹ̀ padà, kí ẹ rọra fi ránṣẹ́ sí ojúlówó jọ́nà. Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú, ẹ sọ gbogbo ìtàn rẹ̀ fún olóòtú tuntun nínú lẹ́tà àkọ́kọ́. Àwọn kan á gbà, púpọ̀ ò ní gbà. Nígbà míì, iṣẹ́ náà ti lọ nìyẹn.

Àwọn kan ní káwọn bá mi kọ àpilẹ̀kọ tán, kí n kàn sanwó, kí orúkọ mi sì ṣáájú.

Fakitọ́rì àpilẹ̀kọ nìyẹn. Wọ́n ń ṣe é bí ẹni ń ṣe píọ́ wọ́tà: ẹ̀rọ kan náà, ọ̀rá kan náà, orúkọ tó wà lára ọ̀rá ló yàtọ̀. Lọ́dún 2023, Hindawi, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ jọ́nà jáde lábẹ́ Wiley, fa àpilẹ̀kọ tó lé ní 8,000 padà, nítorí irú iṣẹ́ yìí àti àyẹ̀wò ayédèrú. Wiley sì pa orúkọ Hindawi rẹ́ lára ọjà wọn.

Ẹni tó ta á fún yín kò sí lórí ìwé náà. Orúkọ yín nìkan ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìbéèrè bá dé.

Orúkọ ta ló yẹ kó wà lórí àpilẹ̀kọ?

ICMJE là á sí ọ̀nà mẹ́rin, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì gbọ́dọ̀ pé. Kí ẹni náà ti kópa gidi nínú èrò, ètò, àkójọ tàbí ìtumọ̀ ìwádìí náà. Kó ti bá wọn kọ ọ́ tàbí kó tún un ṣe lọ́nà tó nítumọ̀. Kó ti ka èyí tó kẹ́yìn, kó sì fọwọ́ sí i. Kó gbà pé òun á dáhùn fún un bí ọ̀rọ̀ bá yọ.

Ìwọ̀n tèmi rọrùn: bí ẹnì kan bá pè é ní aago méjì òru, tó ní kó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe rí nọ́ńbà tó wà nínú àtẹ kẹta, ṣé á mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀? Bí kò bá mọ̀ ọ́n, abala ìdúpẹ́ ni àyè rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni ọ̀gá ẹ̀ka tó kàn fọwọ́ sí ìwé àṣẹ wà. Ibẹ̀ ni ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà wà. Ibẹ̀ ni ẹni tó bá yín ṣe ìṣirò lórí SPSS lásán náà wà, àyàfi bí ó bá bá yín ronú lórí ohun tí ìṣirò náà túmọ̀ sí.

Àṣà "fi orúkọ mi sí tìẹ, màá fi tìẹ sí tèmi" ti wọ̀ wá lára débi pé àwọn èèyàn ń pè é ní ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan kí mi kú oríire lórí WhatsApp fún àpilẹ̀kọ tí mi ò rí rí. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi orúkọ mi sí i, ó rò pé ẹ̀bùn ni. Mo kọ̀wé sí olóòtú pé kí wọ́n yọ mí. Ọ̀rẹ́ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ọdún kan. Mi ò kábàámọ̀. Àtẹ kejì nínú ìwé náà kò ṣọ̀kan pẹ̀lú ìkíní.

Ẹ jókòó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ ẹni tó máa ṣáájú àti ẹni tó máa tẹ̀ lé e sílẹ̀. Ìjà orúkọ tí mo ti parí pọ̀, kò sì sí ọ̀kan tó ní àkọsílẹ̀ nínú wọn.

Turnitin fún mi ní 18. Ṣé mo yege?

Nọ́ńbà náà kò sọ pé ẹ jalè, kò sì sọ pé ẹ ò jalè. Ẹ̀rọ tó ń fi iṣẹ́ yín wé ìwé tó ti wà nílẹ̀ ni Turnitin; ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ tó jọra ló ń kà. Mo ti rí 25 tó jẹ́ pé ìwé ìtọ́kasí àti orúkọ ẹ̀rọ yàrá àyẹ̀wò ló kún ibẹ̀. Mo ti rí 5 tó jẹ́ ìpínrọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n gbé wá látinú iṣẹ́ oníṣẹ́ láìyí kọ́mà kan padà. Ìkejì ni mo dá padà.

Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ láti fi ọ̀rọ̀ míì rọ́pò ọ̀rọ̀ ń kó ara wọn sí wàhálà tó burú ju ìyẹn lọ. Lọ́dún 2021, Guillaume Cabanac, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní ilẹ̀ Faransé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ látinú àwọn jọ́nà: jẹjẹrẹ ọmú ti di "bosom peril", ewu àyà! Ẹ fi ọ̀rọ̀ ara yín kọ ọ́, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó ni èrò.

Ṣé èèyàn lè jí iṣẹ́ ara rẹ̀?

Ó lè tún un tà bí ẹni pé tuntun ni. Kíkọ àpilẹ̀kọ látinú tísíìsì yín kò burú, ẹ kàn sọ bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó burú ni kí ẹ gé ìwádìí kan sí wẹ́wẹ́: ẹja Ẹ̀bútè di àpilẹ̀kọ kan, ẹja Bàyékú di òmíì, ẹja Ìjẹ̀dẹ́ di ìkẹta, nígbà tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi kan náà lẹ fi kó gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà. Òǹkàwé á rò pé ìwádìí mẹ́ta ló fẹnu kò.

Ṣé mo lè lo ChatGPT?

Fún títún gírámà ṣe, ọ̀pọ̀ jọ́nà gbà, bí ẹ bá ti sọ ohun tí ẹ lò ó fún. Kò lè jẹ́ òǹkọ̀wé. COPE sọ èyí ní 2023, oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ChatGPT jáde, ìdí wọn sì yéni: ẹ̀rọ kò lè dáhùn fún ohun tó kọ.

Ẹ yẹ ìtọ́kasí tó bá fún yín wò níkọ̀ọ̀kan. Ó máa ń hùmọ̀ àkọlé tó dára gan-an fún ìwé tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Bí ẹ bá sì jẹ́ aṣàyẹ̀wò, ẹ má gbé iṣẹ́ oníṣẹ́ sínú rẹ̀ rárá; àṣírí tí wọ́n fi sí yín lọ́wọ́ ni.

Ìyálọ́jà ti fún wa láàyè. Ṣé mo ṣì nílò ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìlànà ìwádìí wò?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sì nílò ohun kẹta pẹ̀lú. Ẹni tó bá wọ ọjà Sábó láìkí Ìyálọ́jà ti sọnù kó tó bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni Ìyálọ́jà ṣí fún yín. Ìyá tó ń ta ata lábẹ́ agboòrùn ló ni ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbà, òun ló ni ìtàn tí ẹ fẹ́ gbọ́, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà, lédè tó yé e, kó sì mọ̀ pé òun lè sọ pé òun ò ṣe mọ́. Ìkéde Helsinki, ìlànà ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbáyé, ti sọ èyí láti 1964 fún ìwádìí ìṣègùn. Àwa náà ní ìlànà ìwádìí ìlera ti orílẹ̀-èdè láti 2007.

Ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń parí tán kí wọ́n tó wá béèrè fún lẹ́tà tó ní ọjọ́ ẹ̀yìn. Ẹ rántí Kánò, 1996, nígbà tí Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ tó ní àrùn yírùnyírùn. Lẹ́tà àṣẹ ìgbìmọ̀ wà lára ohun tó di àríyànjiyàn lẹ́yìn náà, torí ìròyìn jáde pé lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí ni wọ́n kọ ọ́. Ọdún 2009 ni wọ́n tó bá Ìpínlẹ̀ Kánò parí ẹjọ́ náà, lórí mílíọ̀nù 75 dọ́là.

Nọ́ńbà mẹ́ta ń ba èsì mi jẹ́. Ṣé mo lè yọ wọ́n?

Ìdí tí ẹ fi fẹ́ yọ wọ́n ni kókó. Ká ní ẹ yẹ ọgbọ̀n àpò omi wò ní Odògúnyàn, ẹ sì ti kọ ọ́ sínú ìwé lọ́jọ́ náà gan-an pé iná lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń ka mẹ́ta lára wọn: ẹ yọ wọ́n, kí ẹ sì sọ nínú àpilẹ̀kọ pé ẹ yọ wọ́n àti ìdí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń yọ wọ́n torí pé wọn ò bá ohun tí ẹ fẹ́ sọ mu, irọ́ ni.

Ẹ tọ́jú dátà yín. Mi ò sọ ti MTN o. Ìwé tí ẹ fi ọwọ́ kọ, fáìlì àkọ́kọ́ tí ẹ ò tíì fọwọ́ kàn, fọ́tò bí kámẹ́rà ṣe yà á. Hwang Woo-suk ti South Korea jẹ́ akọni orílẹ̀-èdè rẹ̀ nígbà tí àpilẹ̀kọ rẹ̀ méjì jáde nínú jọ́nà Science ní 2004 àti 2005. Fọ́tò kan náà tí wọ́n lò lẹ́ẹ̀mejì wà lára ohun tó tú àṣírí pé ayédèrú ni dátà rẹ̀. Oṣù kìíní 2006, wọ́n ti fa méjèèjì padà.

Wọ́n ní kí n yẹ àpilẹ̀kọ kan wò, mo sì mọ ẹni tó kọ ọ́.

Ẹ sọ fún olóòtú kí ẹ tó kà á. Bí ó bá jẹ́ àna yín, ẹni tí ẹ jọ kọ̀wé láìpẹ́, ẹni tí ẹ jọ jà, tàbí ẹni tí ẹ jọ ń lé ohun kan náà, ẹ kọ̀ ọ́. Wọ́n fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí mi rí tó jẹ́ pé ohun tí èmi náà ń kọ lọ́wọ́ ni. Mo dá a padà lọ́jọ́ kan náà. Ó dùn mí, torí wọ́n ti ṣáájú mi, iṣẹ́ wọn sì dára ju tèmi lọ.

Ẹ má gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́ yín pé kó bá yín ṣe é láìsọ fún olóòtú. Ẹ má gbé e sórí gúrúùpù WhatsApp.

Aṣàyẹ̀wò ní kí n tọ́ka sí àpilẹ̀kọ mẹ́fà. Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹnì kan náà ló kọ wọ́n.

Ẹ ti mọ ẹni tó jẹ́ nìyẹn. Ẹ kà wọ́n. Bí ọ̀kan bá wúlò, ẹ lò ó. Fún àwọn yòókù, ẹ kọ̀wé sí olóòtú, kí ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ ìdí tí wọn ò fi bá ọ̀rọ̀ mu. Olóòtú tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á rí ohun tí ẹ rí. Bí olóòtú fúnra rẹ̀ bá ní dandan ni kí ẹ tọ́ka sí jọ́nà òun kó tó gbà á, ẹ gbé iṣẹ́ yín kúrò níbẹ̀.

Wọ́n ní kí n dábàá aṣàyẹ̀wò. Ṣé mo lè dárúkọ ọ̀rẹ́ mi?

Ẹ dárúkọ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tí kò ní ohun kan í jẹ nínú rẹ̀, kí ẹ sì fún wọn ní ímeèlì ilé iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 2012, wọ́n rí i pé Hyung-In Moon, onímọ̀ ewéko ní South Korea, ń dábàá orúkọ pẹ̀lú ímeèlì tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń já sí. Òun ló ń yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Ohun tó jẹ́ kí olóòtú fura ni pé àyẹ̀wò ń padà dé láàárín wákàtí 24. Bí ó bá tiẹ̀ fi sùúrù dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bóyá ni wọn ì bá tètè mọ̀.

Mo rí àṣìṣe nínú àpilẹ̀kọ mi lẹ́yìn tó jáde. Ṣé kí n dákẹ́?

Ẹ kọ̀wé sí olóòtú. Bí àṣìṣe náà kò bá yí èsì padà, wọ́n á gbé àtúnṣe jáde, ó tán. Bí ó bá wó gbogbo èsì, kí ẹ̀yin fúnra yín ní kí wọ́n fà á padà. Ìfàpadà tí òǹkọ̀wé béèrè fún yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ipá ṣe, ìwé ìkéde á sì sọ èyí tó jẹ́. Mo mọ àwọn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, tí àwọn èèyàn sì ń gbọ́kàn lé iṣẹ́ wọn.

Ẹ wo ohun tí ìdákẹ́ ń fà. Lọ́dún 1998, dókítà Andrew Wakefield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ sínú The Lancet nípa ọmọ 12 péré, wọ́n jẹ́ kí ayé máa fura pé abẹ́rẹ́ àjẹsára MMR ló ń fa ọ́tísìm. Jọ́nà náà ò fà á padà pátápátá títí di oṣù kejì 2010. Ọdún méjìlá! Títí dòní, àwọn ìyá kan ṣì ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ yẹn.

Ọ̀gá mi gbé iṣẹ́ mi jáde, ó sì yọ orúkọ mi.

Èyí ni wọ́n máa ń bi mí pẹ̀lú ohùn kékeré. Akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀gá náà ni máàkì àwọn wà.

Ẹ kó ẹ̀rí jọ ná kí ẹ tó sọ̀rọ̀: fáìlì tó ní ọjọ́, ímeèlì, ọ̀rọ̀ WhatsApp, ìwé tí ẹ kọ nínú yàrá àyẹ̀wò. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, torí nígbà míì, àìbìkítà ni. Bí ó bá lé yín jáde, ẹ kọ̀wé sí olóòtú jọ́nà náà. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni nínú lẹ́tà yín. Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe, ìgbà tí ẹ ṣe é, kí ẹ so ẹ̀rí mọ́ ọn.

Ẹ mọ̀ pé olóòtú kò ní dá ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀. Ìlànà COPE ni pé kó bi gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, bí wọn ò bá sì fẹnu kò, kó gbé e fún ilé ẹ̀kọ́ kí wọ́n wádìí. Ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Nítorí náà, ẹ wá àgbà kan nínú ẹ̀ka yín tàbí ẹ̀ka míì tó máa mọ̀ nípa rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má dá rìn. Ọ̀kan nínú àwọn tó wá bá mi gba orúkọ rẹ̀ padà lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá. Òun ló wà ní ipò kejì lórí ìwé náà báyìí. Ó ní ipò kìíní ló tọ́ sí òun, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀.